Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Mi àti Orúkọ Làmídì

Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà sí i, ṣùgbọ́n èmi ò lè fi ara mi dá yín lójú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò fọkàn tán ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láìní etí.

Láti ìgbà tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni ẹ ti ń rí mi ní ẹ̀yìnkùlé yìí, tí mo tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, tí ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí mo ń fi kẹrosíìnì fọ irin. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi. Ẹ ní bàbá ti ń ṣarán. Dúpẹ́, àkọ́bí mi, pè mí láti Ìbàdàn, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn oní-irin àlòkù wá kó alùpùpù yẹn, kí yàrá lè ṣófo." Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ kejì gan-an, ọkùnrin méjì tó ń ti ọmọlanke dúró sí ẹnu ọ̀nà wa níbí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ní alùpùpù àtijọ́ kan. Mo bi wọ́n pé ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́. Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo pa ilẹ̀kùn dé. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn.

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo agbára mi ṣe ló kọ́ mi ní ìfura. Wolé-wolé ni mí. Ẹ̀yin ò mọ wolé-wolé mọ́. Ìdọ̀tí ń ṣe bó ṣe wù ú lónìí, kò sí ẹni tó ń bi í pé kí ló dé. Nígbà tiwa, aṣọ kákí tí a lọ̀ tó gún bí ọ̀bẹ ni à ń wọ̀, ìwé ńlá kan á wà lábíyá, a ó sì máa wọ ilé onílé lọ. A ó ṣí ìkòkò omi, a ó wo inú rẹ̀ bóyá tanwíjí ń jó níbẹ̀. A ó wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, a ó wo abẹ́ ibùsùn. Ìyá àgbàlagbà á kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá, ẹ mu gààrí," èmi á sì mọ̀ pé ìkòkò kan wà tó ti fi ẹní bò. Bí ẹni tí mo wá bẹ̀ wò bá ṣe ń kí mi tó ni mo ṣe ń wá tó.

Alùpùpù ni mo ń gùn. Àwọn tí ẹ ń pè ní ọ̀kadà lónìí, ariwo wọn kò yàtọ̀ síra. Bí ọgọ́rùn-ún bá kọjá, bí ẹyọ kan ló rí létí mi. Tiwa nígbà náà ní ohùn. Tèmi ń sọ pé pù-pù-pù, á sinmi díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, á tún sọ pé pù-pù-pù. Bí mo bá ti yọ ní orígun Àkẹ̀sán báyìí, àwọn obìnrin á ti máa da omi tó ti pẹ́ nù, àwọn ọmọ á máa sáré gbálẹ̀. Pupa ni táǹkì rẹ̀. Àwọn oníṣọ̀nà awọ ìlú wa yìí ló fi awọ ewúrẹ́ bo ìjókòó rẹ̀ fún mi, tí wọ́n ṣe ọnà dúdú àti funfun sí i, débi pé àlejò tó bá rí i á ní ṣé ẹṣin ọba ni. Lọ́jọ́ Àjíǹde, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń tò síwájú ilé kí n lè gbé wọn yí ọ̀nà po lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan fi ẹsẹ̀ kan irin gbígbóná níbẹ̀ lọ́dún kan. Ó ti di àgbà alùfáà báyìí, àpá rẹ̀ kò sì tíì parẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyẹn Làmídì.

Làmídì jẹ́ mẹkáníìkì ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, tó jẹ́ pé bí àsìkò máńgòrò bá dé, òórùn èso àti òórùn bẹntiróòlù á pò mọ́ra wọn. Ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ. Ó máa ń fi ẹnu sípánà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀, á di ojú, á sì sọ ibi tí àrùn wà fún ọ kó tó tú nǹkan kan. Kì í kánjú. Bí o bá ń pariwo sí i pé kó ṣe kíá, á fi irin sílẹ̀, á lọ ṣe àlùwàlá.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń gbé ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá parí, mo máa ń yà sọ́dọ̀ Làmídì kó bá mi wo ẹ́ńjìnnì kí n tó padà. Bí àkókò ìrun bá tó, á ní, "Wolé, dúró dè mí, mo ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí." Èmi á sì dúró. Ẹ fi ibi tí mo máa ń dúró sí sílẹ̀ ná. Mo máa débẹ̀.

Ní ọdún kan, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, kò lágbára láti gun òkè mọ́. Làmídì tú u, ó ní ríìngì ló ti jẹ. Ríìngì ni àwọn òrùka tín-ín-rín tó wà lára písítìnì. Bí wọn kò bá dára, agbára ẹ́ńjìnnì á máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ó fi tuntun sí i. Alùpùpù mi tún di ọmọdé. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán, mo ti sún mọ́ Odò-Ọbà. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi eyín rún òkúta. Kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ sí bíréèkì, ẹ́ńjìnnì ti gan. Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, èmi sì fò lọ sínú koríko. Ikú tó fẹ́ pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Orúnkún mi ya. Ọkọ̀ akóṣu kan ló gbé èmi àti alùpùpù wá sílé, tí wọ́n gbé e lé orí iṣu bí òkú ẹran.

Èmi sọ lọ́kàn mi lójú ẹsẹ̀ pé ríìngì àlòkù ni ọkùnrin yìí fi sí i, ó fi tuntun pamọ́. Ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì.

Bí Làmídì ṣe gbọ́, ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù náà, ó ṣí ibi tí à ń rọ ọ́ìlì sí, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi tó fẹ́ bù fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Làmídì nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó dé ọmọrí ibẹ̀ padà, ó ní, "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n gbé e lọ. Mo máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ni ẹ̀yin máa rò? Ọkùnrin tí kò jẹ̀bi, kí ló ń tọrọ àforíjì fún? Kí ló fẹ́ gbé e lọ fún bí kò ṣe kó lè pa ẹ̀rí rẹ́? Mo ní, "Irin mi kò ní kúrò nílé mi. Ìwọ ni kí o kúrò." Ó gba omi lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́, ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó lọ.

Mo ti alùpùpù náà sínú yàrá ẹ̀yìn, mo sì ti i pa. Ká ní mo ti ẹnu mi pa mọ́ ọn ni. Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀yọ́, mo sọ ọ́ ní ti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ tó ń gun alùpùpù, mo sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì yín fún Làmídì o, olè ni." Wolé-wolé ni mí, àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé bí mo bá ní nǹkan wà nínú ìkòkò, ó wà níbẹ̀. Kò tó ọdún kan tí mo gbọ́ pé ó ti kó irin iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó ti gba oko lọ, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Mo ní Ọlọ́run mú un.

Báyìí ni ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe kọjá. Mo fẹ̀yìntì, iṣẹ́ wolé-wolé náà fẹ̀yìntì lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo kọjá lẹ́nu yàrá yẹn tí ríìngì yẹn kì í wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn oní-irin àlòkù wá dé, mo ní ó tán. Mo fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì yẹn fúnra mi. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ríìngì àlòkù yẹn kí n tó kú, kí n sì tò ó dáadáa padà, kí ó tún sọ̀rọ̀.

Mi ò pe mẹkáníìkì kankan. Àwọn ti òde òní, bí o bá gbé ẹ́ńjìnnì fún wọn láàárọ̀, nígbà tí o bá fi máa jẹun ọ̀sán tán, apá kan rẹ̀ ti wà lára ọ̀kadà ẹlòmíràn. Mo ra sípánà tèmi. Mo wo bí Làmídì ṣe ń tú u títí nígbà náà, ọwọ́ mi sì rántí ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo bọ́ọ̀tì tí mo bá yọ ni mo ń fi sínú agolo mílíìkì, mo ń kọ nọ́ńbà sí i, nítorí mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí mo fura sí jù ni Àbẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé irin náà síta ló ti ń ṣe bákan. Á ní, "Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ fẹ́ tú u sí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, eruku rẹ̀ ò dára fún àyà yín." Bí mo bá tún mú sípánà, á gbé àpótí rẹ̀, á wá jókòó sí ọ̀kánkán mi, á máa ṣa ẹ̀wà tí kò ní òkúta nínú. Mo ní lọ́kàn mi pé òun àti Dúpẹ́ ti jọ sọ ọ́, pé yàrá yẹn ni wọ́n ń wá.

Orí ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ó gan mọ́ra. Mo fi ọ́ìlì rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń fi igi kàn án díẹ̀díẹ̀ kó tó gbà. Mo fa písítìnì jáde. Ara rẹ̀ ti ha, àmì híha rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ya ènìyàn. Mo yọ àwọn ríìngì náà, mo fọ̀ wọ́n, mo wọ awò ojú mi.

Tuntun ni wọ́n. Lẹ́tà kékeré tí àwọn tó ṣe wọ́n tẹ̀ sí etí wọn kò tíì parẹ́. Ríìngì tó ti ṣiṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì mìíràn kì í ní lẹ́tà yẹn mọ́. Làmídì fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo gbé wọn sínú oòrùn, mo yí wọn síbí, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Oúnjẹ ọ̀sán tí Àbẹ̀kẹ́ gbé síwájú mi tutù níbẹ̀. Mo tún ní bóyá ibòmíràn ló ti jalè. Ẹni tó bá ti dá ẹjọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kì í wù ú kó dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mo tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì máa ń dúró sí. Ọ́ìlì ti gbẹ, ó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Mo fi ìka kó o, mo sì gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ ìka mi, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Mo bù ú sínú abọ́ funfun, mo da kẹrosíìnì lé e, mo rọra da omi òkè rẹ̀ nù. Iyanrìn ló kù nídìí abọ́. Kì í ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ gbé wọlé. Ó tó ẹ̀kúnwọ́. Ó kúnná, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, bí iyanrìn tí a ti sẹ́ lásẹ́. Èèpo pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jó ní etí kan.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa kéré, Àbẹ̀kẹ́ máa ń yan ẹ̀pà tà níwájú ilé. Iyanrìn kíkúnná tí ó sẹ́ ló fi ń yan án nínú agbada. Èmi tí mo mọ omi kànga kan yàtọ̀ sí òmíràn, mo mọ iyanrìn yẹn.

Mo gbé ojú sókè. Ó ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lèyí?"

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti ra sípánà ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn."

"Ìwọ lo dà á sí i?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n bá yín di àrọ mú tí ẹ bá ń rọ ọ́ìlì. Mo mọ ibẹ̀. Ọjọ́rú ni, ẹ ti lọ sí ìpàdé ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé kò kàn ní gbiná mọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ó lè gan lórí eré. Nígbà tí wọ́n gbé yín dé tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orúnkún yín, ẹnu mi kú."

Mo ní, "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó gbé ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀. "Ẹ̀wù mẹ́ta lẹ rán láàrin oṣù kan, ẹ̀yin tí mo máa ń bẹ̀ kí ẹ tó rán ẹyọ kan lọ́dún. Ọ̀kan nínú wọn, orúkọ yín wà lára àpò rẹ̀, wọ́n fi òwú pupa kọ ọ́. Aránṣọ wo ló ń fi òwú kọ orúkọ oníbàárà rẹ̀ sí i láyà?"

Ibi tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ nìyẹn. Bí Làmídì bá lọ kírun, ọ̀dọ̀ aránṣọ kan tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni mo ti ń dúró dè é. Obìnrin náà rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi omi tútù àti máńgòrò síwájú mi. Mi ò ní parọ́ fún yín ní ọjọ́ orí mi yìí. Nǹkan wà níbẹ̀. Kò tíì dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Nígbà tí alùpùpù mi kú, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń bá lọ, tí mo ní láti sáré bá èyí tó ń padà. Mi ò ráyè jókòó níbẹ̀ mọ́. Aránṣọ náà fẹ́ awakọ̀ kan lọ́dún tó tẹ̀lé e. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò gbàgbé.

Mo ní, "O wá ń wò mí, tí mo ń pe Làmídì ní olè?"

Ó ní, "Mò ń wò yín. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ onílé lẹ ń wá kiri láàárọ̀ títí dalẹ́? Ilé bàbá mi lẹ máa dá mi padà sí. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ó wá pẹ́ jù."

Bínú? Mo bínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo ń wo obìnrin tó ń se ọbẹ̀ fún mi, mo ń rò pé kí tún ni kò sọ. Mo wá rí i pé òun náà ń wò mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń wò mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ orúkọ olówùú pupa. Ìkòkò gbogbo ìlú ni mo ṣí, mi ò ṣí ti ilé mi. Bí ikú ilé ò pani, ti òde kò lè pani.

Lọ́jọ́ kẹrin mo ní kó wọṣọ, a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Igi máńgòrò kò sí mọ́ ní Ọjà Igbó. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀, orin ń pariwo nínú rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan ló mọ ilé Làmídì, ó gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Làmídì jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sìkírù, ń bó ẹ̀gẹ́. Ó rí mi, ó sì mọ̀ mí. Kò kí mi.

Làmídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wolé, ẹ káàbọ̀. Ìyá Dúpẹ́, ẹ kú ìrìn."

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń kọ ìwé ẹjọ́. Mo ní, "Làmídì, mo tú ẹ́ńjìnnì yẹn. Mo rí i pé—"

Ó ní, "Iyanrìn ẹ̀pà."

Mo ní, "O mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo ti ìka bọ̀ ọ́ ni mo mọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó rẹ lẹ́nu ọ̀nà, omi ń dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì mọ ibi tí ìwọ máa ń jókòó sí tí mo bá lọ kírun. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wàá lé e lọ lójú mi, ọmọ mẹ́ta sì ń ṣeré ní ìta. Mo rò pé inú rẹ á rọ̀ tó bá di ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò mọ̀ pé o máa gbé ẹnu kiri ìlú méjì."

Ìyá Sìkírù sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan ló sọ fún èmi náà. Sìkírù wà ní ìwé kẹta ní girama nígbà náà. Ó kúrò, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko, kò padà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń pè é ní ọmọ olè lọ́jà. Ẹni tó ṣu ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kí lẹ wá gbà lónìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún. Ìyá Sìkírù ní, "Ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí." Ó sì bu omi fún wa. Kò sọ pé òun dárí jì wá, mi ò sì bi í.

Ohun tí Làmídì wá bi mí ni pé, "Ẹ́ńjìnnì náà dà?"

Ó wá sí Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà rí bàbá onírùngbọ̀n tó ń wá jókòó tì mí, òun ni. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n, nítorí náà a jọ di ẹyọ ènìyàn kan. Mo gbé písítìnì mẹ́rin wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà, gbogbo wọn ló búra pé ojúlówó ni. Ó fi èékánná kàn wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ ìró wọn, ó da mẹ́ta nù. A fọ gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà. A tò ó. Nígbà tó kù kó gbiná, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára láti tẹ̀ ẹ́ nínú wa. A gbé e dúró lórí irin ẹsẹ̀ rẹ̀, Làmídì fi sí jíà, Àbẹ̀kẹ́ sì bá mi di táyà ẹ̀yìn mú, a fi tagbára-tagbára yí i. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì sọ̀rọ̀.

Làmídì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sípánà kan ara rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí, ó di ojú. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó pa á. Ó ní, "Ó dára. Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo ibi tí o ti sọ ọ́, padà síbẹ̀, kí o lọ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn lẹ́nu. Nínú gbogbo àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, mẹ́ta péré ni mo gbọ́ pé ó kù láyé. Mo lọ bá èkínní ní àdúgbò wa níbí. Ó wà lórí ibùsùn, ọmọ rẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Mo sọ ọ́ sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pè mí ní orúkọ bàbá rẹ̀. Èkejì, bí mo ṣe dé ilé rẹ̀ ni wọ́n ń kó àga ìsìnkú rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti yá a. Ẹ̀kẹta wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọpọlọ rẹ̀ pé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yọ awò ojú.

Ó ní, "Làmídì wo? Mi ò rántí mẹkáníìkì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kàn rí i pé gbogbo yín ń gbé tiyín lọ síbòmíràn, èmi náà gbé tèmi."

Ẹyin lọ̀rọ̀; ìgbà tó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún kò tilẹ̀ rántí pé òun gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo ti yà sílé Làmídì, mo sọ fún un pé mo ti lọ, pé wọn kò rántí. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Ìyá Sìkírù ló dáhùn, kò gbójú kúrò lórí ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

Ó ní, "Àwa rántí."

Nítorí náà ni mo ṣe pè yín jókòó ní ọ̀sán yìí. Etí àwọn tí mo fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti di, tiyín ṣì ń gbọ́. Ọ̀kan nínú yín ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Igbó. Bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ ọmọ Sìkírù, tàbí tí ẹ bá gbọ́ níbikíbi tí àwọn àgbà ti ń dárúkọ mẹkáníìkì ayé àtijọ́, ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: Làmídì kò jalè. Ríìngì tuntun ló fi sí i. Ẹ sọ pé wolé-wolé Ọ̀yọ́ tó pè é ní olè ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀.